Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: Bí oògùn jẹjẹrẹ prostate bá ń ni yín lára, ẹ béèrè fún òmíràn kí ẹ tó pa á tì

Bí oṣù Kẹta bá ti wọlé ní Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso, kò sẹ́ni tí wọ́n ń sọ fún pé ooru ti dé. Ìwọ̀n ooru a máa kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ́sàn-án, ilẹ̀ á sì ti ṣú tipẹ́ kí atẹ́gùn tó rọ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣòwò níbẹ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń fara dà á. Wọ́n á wá ibòòji, wọ́n á mu omi, wọ́n á gbé ẹní síta lálẹ́.

Ṣùgbọ́n ooru kan wà tí ibòòji kò lè gbani lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé inú ara ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Á ṣàdédé gba àyà àti ojú ọkùnrin, òógùn á bò ó, aṣọ á rin gbingbin, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ òtútù á tún mú un. Ó lè ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, ó sì lè jí i lóru. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń gba ìtọ́jú họ́mónù nítorí àrùn jẹjẹrẹ prostate ló mọ ooru yìí dáadáa. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni pé ó tọ́ kí wọ́n sọ ọ́ fún dókítà, àti pé oògùn tó ń fà á ṣeé pààrọ̀ nígbà mìíràn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ. Ọkùnrin tí oògùn ń ni lára kò gbọdọ̀ rò pé ohun méjì péré ló wà fún òun, kí òun fara dà á títí tàbí kí òun pa ìtọ́jú tì. Ọ̀nà kẹta wà: kí òun àti dókítà jọ wò ó bóyá oògùn mìíràn lè bá jẹjẹrẹ náà jà pẹ̀lú ìnira tó mọ níwọ̀n. Àwọn ilé ìwòsàn wa náà sì gbọ́dọ̀ la ọ̀nà kẹta yìí sílẹ̀, pàápàá kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní àtúnṣe.

Kí ni ìtọ́jú họ́mónù ń ṣe lára?

Prostate ni ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, tó sì yí ojú ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde ká. Jẹjẹrẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ ló wọ́pọ̀ jù lọ láàárín àwọn ọkùnrin ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sahara. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ Prostate Cancer UK sọ pé ọ̀kan nínú ọkùnrin aláwọ̀ dúdú mẹ́rin ni yóò ní in nígbà ayé rẹ̀, nígbà tó jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́jọ fún gbogbo ọkùnrin lápapọ̀.

Àìsàn yìí kò mọ olówó, kò sì mọ olókìkí. Nelson Mandela gba ìtọ́jú ìtànṣán fún un lọ́dún 2001. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ló sọ fún aráyé lọ́dún 2014 pé òun ní in àti pé òun ti gba ìtọ́jú. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ọ́fíìsì Joe Biden kéde pé tirẹ̀ ti dé inú egungun, ṣùgbọ́n pé ó jẹ́ irú èyí tó ń gbọ́ràn sí ìtọ́jú họ́mónù lẹ́nu. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Desmond Tutu ní tirẹ̀, ọdún 1997 ni wọ́n rí i lára rẹ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 2021 ló tó kú, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún.

Ẹ fi ti Tutu sọ́kàn. Ọkùnrin lè bá àìsàn yìí gbé fún ọdún méjì, ó sì lè bá a gbé fún ogún ọdún. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè nípa ìnira oògùn kì í fi ṣe ọ̀rọ̀ àkẹ́jù. Ẹni tí yóò lo oògùn fún ọdún mẹ́wàá gbọ́dọ̀ lè sùn, kí ó lè ṣiṣẹ́, kí ó sì lè bá aya rẹ̀ gbé láàárín ọdún mẹ́wàá náà.

Ọdún 1941 ni Charles Huggins àti Clarence Hodges ní Yunifásítì Chicago fi hàn pé testosterone ni oúnjẹ jẹjẹrẹ prostate. Testosterone yìí ni họ́mónù ọkùnrin, inú kórópọ̀n ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ti ń wá. Wọ́n rí i pé bí a bá yọ kórópọ̀n kúrò, tàbí tí a bá fún ọkùnrin náà ní họ́mónù obìnrin, jẹjẹrẹ náà á súnkì. Huggins gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1966. Títí di òní, ọ̀nà tó là náà ni gbogbo ìtọ́jú họ́mónù ń tọ̀: kí a fi ebi pa jẹjẹrẹ náà.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé testosterone kì í ṣe oúnjẹ jẹjẹrẹ nìkan. Òun ló ń mú kí egungun le, òun ló ń gbé iṣan ró, òun ló ń fún ọkùnrin ní ìfẹ́ sí ìbálòpọ̀, òun ló sì ń ràn án lọ́wọ́ kí ara rẹ̀ lè yá gágá. Bí a bá gé e kúrò, gbogbo nǹkan wọ̀nyí á mọ̀ ọ́n. Ooru òjijì á dé. Nǹkan ọkùnrin lè má dìde mọ́. Ara á máa sanra níbi ikùn, iṣan á máa fà sẹ́yìn. Àárẹ̀ á máa mú èèyàn láìṣe iṣẹ́ tó le. Egungun á di ẹlẹgẹ́. Ìtọ̀ ṣúgà lè yọjú, ọkàn èèyàn sì lè rẹ̀wẹ̀sì débi pé kò ní fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Ouagadougou

Ní Ouagadougou, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí ní Ìbàdàn, Cotonou tàbí Lomé, ọ̀pọ̀ ọkùnrin kì í dé ọ̀dọ̀ dókítà àfi ìgbà tí àìsàn bá ti rìn jìnnà. Ẹ̀yìn á ti máa dùn wọ́n, ìtọ̀ á ti há, jẹjẹrẹ náà á sì ti wọ inú egungun. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn ńlá Yalgado Ouédraogo ti kọ èyí sínú ìròyìn ìwádìí wọn.

Iṣẹ́ abẹ tó ń yọ kórópọ̀n ló wọ́pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú họ́mónù fún irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Lórí ìwé, ẹ lè rí i tí wọ́n pè é ní « pulpectomie », ìyẹn ni pé wọ́n yọ inú kórópọ̀n tó ń pèsè họ́mónù, wọ́n sì fi awọ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n sì lè kọ « castration ».

Kí n má bàa dà bí ẹni tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn dókítà, ó yẹ kí n sọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Ìgbà kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, nígbà tí abẹ́rẹ́ jẹ́ ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ máa rà lóṣooṣù tàbí lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ó ń yára ṣiṣẹ́, nítorí pé láàárín ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ni testosterone á ti já wálẹ̀. Ẹni tí jẹjẹrẹ ti ń tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rìn mọ́, kò ní àkókò láti dúró. Bákan náà, kò sí pé fámásì ò ní in mọ́, kò sì sí pé ooru ti bà á jẹ́. Ara páálí goserelin, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn abẹ́rẹ́ yìí, ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kí ibi tí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ sí má gbóná ju ìwọ̀n 25 lọ. Ẹ wo ìyẹn nínú oṣù Kẹrin ní Ouagadougou, nígbà tí iná mànàmáná bá tún lọ.

Nítorí náà, iṣẹ́ abẹ náà ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn là. Àmọ́, oògùn ṣeé pààrọ̀, ó sì ṣeé dá dúró, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀bẹ bá ti mú lọ kò ní padà wá. Ìyẹn ló fi yẹ kí ìjíròrò wáyé kí ọ̀bẹ tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Oníṣòwò Yorùbá kan lè gbọ́ Mooré àti Dioula dáadáa nínú ọjà Rood Woko, síbẹ̀ kí ó má mọ ohun tí « pulpectomie » túmọ̀ sí lórí ìwé tó fi ọwọ́ sí. Ẹni tó bá fọwọ́ sí ohun tí kò yé e, a ò lè sọ pé ó yàn án.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́

Ìtìjú wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Láàárín àwa Yorùbá, èébú ni kí wọ́n pe ọkùnrin ní akúra. Òbúkọ la máa ń sọ pé wọ́n tẹ̀ lọ́dàá. Bí a bá sì dárúkọ ìwẹ̀fà, ohun tó ń wá sọ́kàn ni àwọn tí wọ́n ń tẹ̀ lọ́dàá láyé àtijọ́ kí wọ́n lè sìn láàfin Aláàfin Ọ̀yọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olóyè pàtàkì làwọn kan nínú wọn. Ọkùnrin tó gbé àwọn ọ̀rọ̀ yìí sínú kò ní tètè la ẹnu sọ pé láti ìgbà tí òun ti ń gba abẹ́rẹ́, òun kò lè sún mọ́ ìyàwó òun mọ́.

Ẹ wá wo ohun tí ìdákẹ́jẹ́ náà lè fà. Ọkùnrin náà lè pa ọjọ́ abẹ́rẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀kan, kí ó rí i pé ara òun tù díẹ̀, kó tún pa èyí tó tẹ̀ lé e jẹ. Ó lè wálé sí Nàìjíríà fún ọdún iléyá tàbí Kérésìmesì, kó má sì padà sídìí ìtọ́jú mọ́. Dókítà tó bá rí i pé iye PSA inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ròkè lè rò pé oògùn náà ni kò ṣiṣẹ́ mọ́, kí ó sì gbé e lọ sórí èyí tó le jù tó sì wọ́n jù. Nínú ilé, ìyàwó lè rò pé ọkọ òun ti ní obìnrin mìíràn, nígbà tó jẹ́ pé oògùn ló fa ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Gbogbo èyí lè ṣẹlẹ̀ nítorí gbólóhùn kan tí ọkùnrin náà kò sọ fún dókítà: oògùn yìí ń ni mí lára.

Oògùn wo ló lè rọ́pò èwo?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òótọ́ tí kò dùn. Goserelin, leuprorelin àti triptorelin, àwọn abẹ́rẹ́ tó wọ́pọ̀ jù, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Gbogbo wọn ló ń sọ testosterone kalẹ̀ lọ́nà kan náà. Ẹni tó bá kúrò lórí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì kò ní rí ìyàtọ̀ púpọ̀ nínú ooru òjijì tàbí ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀. Èrè tó lè rí ni pé ó lè bọ́ sórí èyí tí wọ́n ń gún lóṣù mẹ́ta tàbí oṣù mẹ́fà, kí ìrìn àjò rẹ̀ sí ilé ìwòsàn lè dín kù.

Ìyàtọ̀ máa ń wà tí èèyàn bá kúrò nínú ẹbí oògùn kan lọ sí òmíràn. Relugolix jẹ́ oògùn oníhóró tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́. Ìwádìí kan tí wọ́n pè ní HERO, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2020, fi í wé abẹ́rẹ́ leuprorelin láàárín ọkùnrin tó lé ní 900. Àwọn tí ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ tàbí ikú kàn láàárín ọ̀sẹ̀ 48 jẹ́ 2.9 nínú 100 lọ́dọ̀ àwọn tó lo relugolix, ó sì jẹ́ 6.2 nínú 100 lọ́dọ̀ àwọn tó gba abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n dá oògùn dúró fún 90 ọjọ́, testosterone ti padà sí ipò rẹ̀ lára 54 nínú 100 àwọn tó lo relugolix tí wọ́n yẹ̀ wò, nígbà tó jẹ́ 3 péré nínú 100 lápá kejì.

Ṣé kí gbogbo ọkùnrin wá sá lọ bá relugolix ni? Rárá. Ìwádìí mìíràn, PRONOUNCE, èyí tó jáde lọ́dún 2021, fi degarelix tó jẹ́ ìbátan relugolix wé leuprorelin lára àwọn ọkùnrin tó ti ní àrùn ọkàn tẹ́lẹ̀, kò sì rí ìyàtọ̀. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró kí ó tó parí, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọkàn kò tíì yanjú. Ẹ tún rántí pé oògùn tó ń tètè kúrò lára kò fẹ́ ìgbàgbé. Ẹni tó bá pa á jẹ fún ọjọ́ mélòó kan ti ń fún jẹjẹrẹ lóúnjẹ nìyẹn.

Bicalutamide ní ọ̀nà tirẹ̀. Kì í sọ testosterone kalẹ̀, ńṣe ló ń dí ẹnu ọ̀nà tí jẹjẹrẹ ń gbà lò ó. Nítorí bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń lo òun nìkan máa ń ní ooru òjijì tó kéré, ìfẹ́ ìbálòpọ̀ rẹ̀ sì lè má lọ. Àmọ́ ọmú máa ń wú, ó sì máa ń dunni. Bí jẹjẹrẹ bá ti wọ egungun, bicalutamide nìkan kò lágbára tó iṣẹ́ abẹ tàbí abẹ́rẹ́. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò tíì tàn lọ jìnnà ló lè bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni họ́mónù obìnrin tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ ara bíi bálùbọ́. Láyé Huggins, oògùn oníhóró tí wọ́n ń pè ní diethylstilbestrol ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n ó pa àwọn kan nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì àti àrùn ọkàn, wọ́n sì pa á tì. Àwọn olùwádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá rò ó pé bí họ́mónù náà bá gba awọ ara wọlé dípò ẹnu, kò ní kọ́kọ́ gba inú ẹ̀dọ̀, ewu náà sì lè dín kù. Èsì tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2024 lára ọkùnrin 1,360 tí jẹjẹrẹ wọn kò tíì tàn lọ síbòmíràn fi hàn pé ó ń dí àìsàn náà lọ́wọ́ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń ṣe. Ooru òjijì mú 44 nínú 100 àwọn tó lò ó, ó sì mú 89 nínú 100 àwọn tó gba abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ọmú wú lára 85 nínú 100 àwọn tó lò ó, nígbà tó jẹ́ 42 lápá kejì.

Ẹ wo iye wọ̀nyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí oògùn tí kò ní ìnira tirẹ̀. Ohun tí pípààrọ̀ oògùn ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí ọkùnrin yan ìnira tí èjìká rẹ̀ lè gbé. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn Ouagadougou látàárọ̀ lè sọ pé òun yàn kí ọmú òun wú díẹ̀ ju kí ooru máa jí òun lóru. Ẹlòmíràn lè sọ pé òun kò lè gbà kí àwọn èèyàn rí ọmú lára òun nínú aṣọ. Kò sí èyí tó ṣìnà nínú àwọn méjèèjì. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí otútù ti ń mú, ni wọ́n ti ṣe ìwádìí náà. Ó yẹ kí a bi ara wa léèrè bí nǹkan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ awọ yóò ṣe rí nínú òógùn ilẹ̀ wa, kí àwọn dókítà ilẹ̀ wa sì wádìí rẹ̀ fún wa.

Lónìí, wọ́n tún máa ń fi oògùn oníhóró mìíràn kún ìtọ́jú àwọn tí jẹjẹrẹ wọn ti tàn. Abiraterone, tí wọ́n ń lò pọ̀ pẹ̀lú prednisone, lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru wá, ó sì lè yọ ẹ̀dọ̀ lẹ́nu. Enzalutamide lè mú àárẹ̀ àti ìṣubú wá, kò sì dára fún ẹni tó ti ní wárápá rí. Darolutamide kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ọpọlọ. Níbi tí wọ́n bá wà, dókítà lè wo irú ara tí èèyàn ní kí ó tó yan ọ̀kan, ó sì lè pààrọ̀ ọ̀kan fún èkejì tí ìnira bá pọ̀.

Ìsinmi pẹ̀lú wà. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2012 lára ọkùnrin 1,386 tí PSA wọn tún gòkè lẹ́yìn ìtọ́jú ìtànṣán fi hàn pé àwọn tó ń dá oògùn dúró fún ìgbà díẹ̀, tí wọ́n sì ń padà sí i nígbà tí PSA bá gòkè, kò kú ṣáájú àwọn tó ń lò ó láìdáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ìwádìí ọdún 2013 lára ọkùnrin 1,535 tí tiwọn ti tàn kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ kò léwu. Ohun tó bá ẹnìkan mu lè pa ẹlòmíràn. Dókítà ló gbọ́dọ̀ ṣírò ìsinmi, kì í ṣe aláìsàn nìkan.

Ṣé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá?

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní jẹjẹrẹ ni ẹ̀tẹ̀, ooru òjijì ni làpálàpá. Níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò ti rówó oògùn kan ṣoṣo, ta ló ń sọ̀rọ̀ pípààrọ̀? Wọ́n á ní kí ẹni tó wà láàyè dúpẹ́.

Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kò pé. Àkọ́kọ́, ẹni tí làpálàpá bá ń yún jù ló ń ju oògùn ẹ̀tẹ̀ nù. Ọ̀rọ̀ ìnira àti ọ̀rọ̀ ẹ̀mí gígùn kò ṣeé yà sọ́tọ̀, nítorí oògùn tí èèyàn kò lò kò lè wò ó. Ìkejì, kì í ṣe gbogbo ìyípadà ló ń gba owó. Yíyí àkókò abẹ́rẹ́ padà tàbí yíyẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wò kò tó owó tí a ń ná sórí oògùn jẹjẹrẹ tuntun. Ìkẹta, iṣẹ́ abẹ pàápàá kò sọ ìrànlọ́wọ́ di òfo. Àwọn oògùn wà tó ń dín ooru òjijì kù lára ẹni tí wọ́n ti yọ kórópọ̀n rẹ̀. Àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé fi mẹ́ta wé ara wọn nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2010, gbogbo wọn ló sì ní ìwúlò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní ewu tiwọn. Rírìn kánkán, gbígbé nǹkan tó wúwo díẹ̀, oúnjẹ tó ní kálísíọ́mù àti sìgá tí a jáwọ́ nínú rẹ̀ máa ń ran egungun àti iṣan lọ́wọ́.

Ohun kan wà tí mi ò fara mọ́ rárá. Ìyẹn ni kí ọkùnrin fúnra rẹ̀ lọ pààrọ̀ oògùn lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lójú títì, tàbí kó fi àgbo rọ́pò abẹ́rẹ́. Oògùn tó ti wà nínú oòrùn látàárọ̀, tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá, kì í ṣe ọ̀nà kẹta tí mò ń sọ. Ìyípadà tòótọ́ ní àyẹ̀wò nínú. Wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ PSA àti testosterone wò ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé jẹjẹrẹ náà kò rí àyè jí dìde.

Ojúṣe ilé ìwòsàn àti ìjọba

Ohun mẹ́ta ni mo rò pé ó ṣeé ṣe ní Ouagadougou àti káàkiri ẹkùn wa.

Kí ilé ìwòsàn má ṣe mú ọkùnrin lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ láìjẹ́ pé ẹnìkan ti ṣàlàyé fún un, ní èdè tó gbọ́, pé oògùn wà, iye tó jẹ́, ìnira tó ní, àti ohun tí iṣẹ́ abẹ yóò mú lọ títí láé. Tó bá fẹ́ kí ìyàwó tàbí ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, kí wọ́n gbà á láyè. Ọ̀pọ̀ lè yan iṣẹ́ abẹ náà lẹ́yìn àlàyé yìí, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn ló yàn án.

Kí dókítà àti nọ́ọ̀sì máa béèrè. Kí wọ́n má dúró de ọkùnrin kí ó sọ ohun tí ìtìjú dè mọ́ ọn lẹ́nu. “Ṣé ẹ ń sùn dáadáa? Ṣé ooru ń mú yín? Báwo ni nǹkan ṣe rí láàárín ẹ̀yin àti ìyàwó yín?” Ìbéèrè mẹ́ta yìí kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

Kí ìjọba máa ra ohun tó wà lórí ìwé. Bicalutamide, leuprorelin àti abiraterone wà nínú àkójọ oògùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, pè ní kòṣeémánìí. Ọdún 2019 ni abiraterone wọ̀ ọ́. Oògùn tó bá wà nínú àkójọ ṣùgbọ́n tí kò sí nínú fámásì ilé ìwòsàn kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Aláìsàn ò lè pààrọ̀ oògùn níbi tí ẹyọ kan ṣoṣo bá wà lórí pẹpẹ.

Ohun tí ẹ lè sọ fún dókítà

Ẹ̀yin bàbá wa àti ẹ̀gbọ́n wa tó wà lórí ìtọ́jú yìí, ẹ kọ orúkọ oògùn yín àti ọjọ́ tí ẹ gbà á gbẹ̀yìn sínú ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ohun tó ń ni yín lára, àti iye ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀ lójúmọ́. Ẹ sọ fún dókítà bí ẹ bá ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn, ìtọ̀ ṣúgà tàbí wárápá rí, torí ìyẹn ni yóò fi mọ oògùn tó bá yín mu.

Bí Faransé bá jẹ́ wàhálà fún yín ní Ouagadougou, Cotonou tàbí Lomé, ẹ kọ gbólóhùn yìí sórí ìwé, kí ẹ sì fi hàn án: « Docteur, ce traitement me fatigue beaucoup. Est-ce qu'on peut le changer ? » Ohun tó túmọ̀ sí ni pé, “Dókítà, ìtọ́jú yìí ń ni mí lára púpọ̀. Ṣé ó ṣeé pààrọ̀?”

Ó lè ní rárá, kò ṣeé pààrọ̀ ní ipò tí ẹ wà yìí. Ẹ ní kó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún yín, kí ẹ sì béèrè ohun tó lè fi dín ìnira náà kù. Ó sì lè ní bẹ́ẹ̀ ni. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ má ṣe dá oògùn dúró kí ẹ tó gbọ́ èsì.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá béèrè ọ̀nà ni yóò máa rò pé ibi tí òun ń gbà nìkan ló wà.